Ojú Ọ̀nà Tó Dán Kì Í Já Bàtà

                                        Ṣọ́ọ̀bù aránṣọ,
                                        Ìsàlẹ̀ òkè olókùúta,
                                        Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Ẹrẹ́nà.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Dókítà Bàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Ṣé ikọ́ ọmọ ti lọ pátápátá? Ara tiwa le koko, àfi ẹsẹ̀ mi ọ̀tún tí n ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó bá yá.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Ibi tí o ti ní láti ọ̀sẹ̀ méjì, ẹnì kan ṣoṣo ló wọ ṣọ́ọ̀bù tuntun rẹ, tó sì jẹ́ pé ọ̀nà ló ń béèrè, mo rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi gún mi lọ́wọ́. Má bínú. Èmi náà ni mo bá ọ ru pátákó rẹ débẹ̀, tí mo ń yin ilẹ̀kùn onígíláàsì bí ẹni pé òun ni yóò máa ran bàtà. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹsẹ̀ ará àdúgbò yẹn ló yẹ ká wò kí o tó gba ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Inú mọ́tò ni ẹsẹ̀ wọn ń gbé. Ọ̀nà wọn ń dán gbinrin. Bí bàtà wọn bá sì já, òmíràn ni wọ́n ń rà.

Òkè tiwa ò tíì yíwà padà o. Bí èrò bá bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ lókè, kí wọ́n tó fi ẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láàárín òkúta, gìgísẹ̀ bàtà ti yọ, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ àtijọ́ ni wọ́n sì ń tiro dé. Bàtà mọ́kànlá ló wà lábẹ́ tábìlì mi báyìí. Mo ní o ti kó lọ, wọn ò gbọ́. Tíṣà kan ní ìwọ nìkan lo mọ ibi tí bàtà ti ń ha òun.

Ṣùgbọ́n onígbàjámọ̀ kan ti ń wo ṣọ́ọ̀bù rẹ àtijọ́. Màmá onílé pè mí lánàá, ó ní, “Sọ fún àbúrò ẹ pé mi ò lè dúró kọjá Sátidé o.” Bí ibẹ̀ bá bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, kò sí òmíràn nísàlẹ̀ òkè yìí. Mo mọ̀ pé ojú ń tì ọ́ nítorí ariwo pé o ò ní padà wá mọ́ tí o pa lọ́jọ́ tí o ń lọ. Ta ló tún rántí ìyẹn? Gbogbo wa ni, ṣùgbọ́n a ò ní sọ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́sẹ̀.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kí o sì gbá ọmọ mọ́ra fún mi. Àárò yín ń sọ mí gan-an.

Mo ti gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ àtijọ́ lọ́wọ́ màmá onílé. Ó wà nínú bàtà mi ọ̀tún, èyí tí gìgísẹ̀ rẹ̀ yọ lọ́sẹ̀ tí o kó lọ. N ò gbé e fún ṣúmékà mìíràn. Wá gba méjèèjì.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí ń tiro,
Sisí Abẹ́rẹ́.