Orúkọ Tí Wọ́n Fipá Gbà Lẹ́nu Mi

                                        Ilé Kẹrìnlá, Àjà Kẹta,
                                        Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé Ìfọṣọ.
                                        Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹsàn-án, Ọdún 2020.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Màmá ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti ń jẹ́ kí wọ́n gun àtẹ̀gùn? Bàbá ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń wakọ̀ ńkọ́, ṣé wọ́n ti jẹ́ kó padà sójú ọ̀nà? Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ ńkọ́, àbí kò tíì fi ìwà òwú jíjá sílẹ̀? Mo gbọ́ pé ìbòmú lò ń rán báyìí dípò aṣọ ìyàwó. Ẹ kú ewu àrùn tó gba gbogbo ayé kan yìí o. Ẹ kú ìfaradà kónílé-ó-gbélé. Kò ní yà sọ́dọ̀ wa.

Èmi náà wà. Ara mi le, ọkọ mi ń bẹ, àwọn ará ilé rẹ̀ ń bẹ. Inú mi nìkan ni kò dáa. Má bínú pé ó pẹ́ kí n tó kọ̀wé. Ìwé mẹ́fà péré tí a jọ kà náà ni mo ní lọ́wọ́, kí n tó parí lẹ́tà kan, omi tí mo gbé kaná á ti gbẹ. Ṣùgbọ́n tí mi ò bá sọ eléyìí fún ẹnì kan, á bẹ́ mi níkùn. Ìwọ lo sì sọ mí ní Wúyẹ́wúyẹ́ nígbà tí mi ò lè dáhùn ketekete tí tíṣà bá ń pe orúkọ wa láàárọ̀. Wá gbọ́ ibi tí ìtìjú mi yẹn gbé mi dé.

O mọ̀ pé ìwé ìgbélùú oṣù mẹ́fà ni wọ́n fún mi nígbà tí mo wá bá ọkọ mi. Oṣù kẹrin ló parí, ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n sì ní kí kálukú jókòó sílé. Rédíò sọ pé kí ẹni tí ìwé rẹ̀ bá parí má fòyà, pé ìjọba mọ̀ sí i, pé ìwé náà ṣì dáa. Ọkàn wa balẹ̀. A ò mọ̀ pé rédíò ò tíì bá àwọn tó dúró lórí afárá sọ ọ́.

Nígbà tí wọ́n ṣí ìlú díẹ̀, èmi àti ọkọ mi fẹsẹ̀ rìn dé ọ́fíìsì ìwé ìgbélùú. Ṣéènì la bá lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gíláàsì, pé ká lọ sí èyí tó wà ní òdìkejì odò. A dé orí afárá, ọlọ́pàá ní ẹni tí ìwé rẹ̀ ṣì dáa nìkan ló lè kọjá. Ọkọ mi ṣàlàyé fún un pé ìwé tí kò dáa mọ́ yẹn la fẹ́ lọ tún ṣe. Ọlọ́pàá ní òun gbọ́, ká lọ tún un ṣe, ká wá kọjá. Mo rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Mo wo ojú rẹ̀ lókè ìbòmú, kò sí ẹ̀rín kankan níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta la lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n dá wa padà. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n tún ní àwọn máa mú wa tí àwọn bá tún rí wa níta láìnídìí.

Ohun tó wá ń ká mi lára jù ni pé ní gbogbo àkókò yẹn, ojoojúmọ́ ni mò ń lọ síbi iṣẹ́. Àwa là ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Inú àpò ọ̀rá pupa ni wọ́n ń di àwọn èyí tí wọ́n fi tẹ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn alárùn náà sí, ẹni tó gbé e wá á jù ú sílẹ̀, á sì yára sá padà sínú ọkọ̀ rẹ̀. Àwa mẹ́rin la máa ń tú u. Ìbọ̀wọ́ kan ṣoṣo lójúmọ́, ooru omi gbígbóná lójú, kò sẹ́ni tó béèrè ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ mi kí n tó tú àpò pupa. Ìyá alábòójútó wa tiẹ̀ ń sọ pé àwa ni ọmọ ogun tí ìlú gbójú lé. Ọmọ ogun tí kò gbọdọ̀ gun afárá.

Nígbà tó yá, ọ́fíìsì ìwé ìgbélùú kọ̀wé pé kí n má wulẹ̀ wá mọ́, pé àwọn máa pè mí lórí fóònù, àwọn á bi mí ní ìbéèrè tí àwọn á fi mọ̀ pé ìgbéyàwó mi kì í ṣe ayédèrú. Ọjọ́ tí wọ́n pè, ọkọ mi wà níbi iṣẹ́ jórinjórin rẹ̀. Ìyá rẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ń ká aṣọ. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ń kàwé nílé nítorí wọ́n ti ilé ìwé, jókòó lọ́ọ̀ọ́kán. Ohùn obìnrin ni mo gbọ́. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé kí n dárúkọ ọkọ mi.

Ọ̀rẹ́ mi, o mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé wọn, mi ò pe orúkọ ọkọ mi rí, mi ò sì pe ti ẹnikẹ́ni tí mo bá níbẹ̀. Orúkọ tí èmi fún wọn ni mo fi ń pè wọ́n. Ìmọ́lẹ̀ ni mò ń pe ọkọ mi, nítorí iná tó máa ń ta lọ́wọ́ rẹ̀ tó bá ń jó irin. Àbúrò rẹ̀, Eyínfúnjowó. Ìyá rẹ̀, Ìyá mi. Mo wojú Ìyá mi. Mo ní, ó wà nínú ìwé tó wà níwájú yín, mà. Obìnrin náà ní òun rí i, ẹnu mi lòun ti fẹ́ gbọ́ ọ. Mo mú aṣọ kan, mo ń bá Ìyá mi ká a. Ó ní, ó dáa, àwọn wo la jọ ń gbé? Ìyẹn rọ̀ mí lọ́rùn. Mo ní Ìmọ́lẹ̀, Ìyá mi, Eyínfúnjowó. Ó ní ta ni Eyínfúnjowó. Mo ní ọkọ mi kékeré ni. Mo gbọ́ tí bírò rẹ̀ dúró. Ó ní ọkọ mélòó ni mo ní.

Mo fẹ́ ṣàlàyé pé obìnrin ni, pé gbogbo ẹni tí ìyàwó bá nílé ọkọ, ọkọ ló jẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n èdè wọn tí mo gbọ́ kò ju ti ilé ìfọṣọ lọ: gbé e, fún un, ó gbóná, ó ti mọ́. Mo sọ nǹkan kan wúyẹ́wúyẹ́ sínú fóònù. Ó ní kí n gbóhùn sókè. Mo ní ẹ ṣé, mà. Ó sì pa á.

Wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Èmi mú ẹnu, mo mú ètè, ọ̀ràn náà ṣì wá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wá. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, lẹ́tà dé. Eyínfúnjowó ló kà á fún wa. Wọ́n ní mi ò mọ orúkọ ọkùnrin tí mo pè ní ọkọ mi. Wọ́n ní èèyàn mẹ́ta tí kò sí nínú ìwé ń gbé lọ́dọ̀ wa ní ìkọ̀kọ̀: Ìmọ́lẹ̀ kan, Eyínfúnjowó kan, àti ìyá tó bí mi. Ìyá tó bí mi, tí ìwọ gan-an máa ń rí lọ́jà nílé lọ́hùn-ún. Wọ́n ní kí n kúrò nílùú láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ mi ò ní wọ ìlú náà mọ́ fún ọdún márùn-ún.

Kí n kúrò, kí n gba ibo? Ọkọ mi bọ́ síta láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ibi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, títì pa. Ọkọ̀ ojú omi ò gbéra. Ẹnubodè, ìjọba tó ní kí n máa lọ yìí náà ló tì í. Ọwọ́ kan ń tì mí síta, ọwọ́ kejì di ilẹ̀kùn mú. Ọkọ mi padà dé, kò lè jẹun, ó kàn ń ka ọjọ́ lára kàlẹ́ńdà. Èmi tí mi ò tíì lo ọdún kan pẹ̀lú rẹ̀, ọdún márùn-ún ni wọ́n fẹ́ fi ya wá.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba méjì kan ilẹ̀kùn, wọ́n fi ọ̀rá bo bàtà, ìwé wà lọ́wọ́ wọn. Òfin àrùn yìí ni pé èèyàn ò gbọdọ̀ ju mẹ́rin lọ nínú yàrá méjì, wọ́n sì ti gbọ́ pé a ti di méje. Wọ́n kà wá, mẹ́rin. Wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n yẹ ẹ̀yìn kọ́tìnì wò. Wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí èmi àti ọkọ mi ń sùn, níbi tí àwọn ẹrù ìyàwó mi kan tí mi ò tíì fi han ẹnikẹ́ni wà. Ojú tì mí bíi kí ilẹ̀ lanu. Wọ́n ní àwọn mẹ́ta tó kù dà. Ni Eyínfúnjowó bá fa ìbòmú wálẹ̀, ó fi eyín hàn wọ́n. Ó ní, "Èmi nìyí. Ẹ ò bá ti wo ẹnu mi kí ẹ tó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì." Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ò bá àwọn mẹ́ta náà nílé.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Ìyá mi pè mí. Mo kúnlẹ̀, mo rò pé wọ́n máa bínú sí mi pé mo sọ ilé wọn di ibi tí ọlọ́fin ń tú. Wọ́n ní kí n dìde, kí n jókòó sórí àga.

"Ọmọ mi," wọ́n ní, "àwa la ni orúkọ, a sì yọ̀ǹda rẹ̀ fún ẹ. Pè wá. Ọ̀wọ̀ tó bá fẹ́ gba ọkọ lọ́wọ́ ẹ, kì í ṣe ọ̀wọ̀ mọ́."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi nìyẹn, bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ìwé: orúkọ wọn, àti èdè tí màá fi dá obìnrin orí fóònù yẹn lóhùn. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ pe orúkọ Ìyá mi, mo sá wọ ilé ìwẹ̀ lọ. Ti Eyínfúnjowó rọrùn díẹ̀, tí mo bá pè é dáadáa, á fi èdè ilé ìfọṣọ sọ pé, ó ti mọ́. Ti ọkọ mi ló kọ̀ tí kò jáde. Òun fúnra rẹ̀ máa ń bọ́ sí kíṣìnì tí ẹ̀kọ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, kí ojú má baà tì mí. Àwo ilé wa ò mọ́ tó báyẹn rí. Eyínfúnjowó kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ fún wa, a fi ránṣẹ́, a ń dúró.

Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí ọgbọ̀n ọjọ́ náà pé ni wọ́n pè. Obìnrin yẹn náà ni, ọkọ mi sì ti yára bọ́ sí kíṣìnì. Ó tún ní kí n dárúkọ ọkọ mi, ohùn rẹ̀ dà bí ti ẹni tó ti kọ èsì sílẹ̀. Ìtìjú dìde bó ṣe máa ń ṣe. Ni mo bá rántí àpò pupa. Mo rántí ọlọ́pàá orí afárá. Mo rántí tọ́ọ̀ṣì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ìbínú ló là mí lẹ́nu, ọ̀rẹ́ mi, kì í ṣe ìgboyà. Mo pe orúkọ ọkọ mi, mo fi ti bàbá rẹ̀ kún un, mo pè é bí ẹni tó ń pe èèyàn láti òdìkejì odò.

Àwo kan fọ́ ní kíṣìnì. Ọkọ mi, tí kò gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ lẹ́nu mi rí, dáhùn sókè pé, "Mò ń bọ̀ o." Ó sì jáde tòun ti ọṣẹ lọ́wọ́, ó dúró, ó ń wò mí bí ìgbà tó kọ́kọ́ rí mi. Ìyá mi ti fi aṣọ bo ẹnu. Obìnrin náà béèrè pé ta ló dáhùn yẹn.

Mo ní, "Ẹni tí ẹ ní mi ò mọ̀ ni."

Mo dárúkọ àwọn méjì tó kù fún un, mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn mẹ́ta tí wọ́n ń wá nìyẹn, kò sẹ́nì kankan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Àná ni ìwé náà dé. Oṣù mẹ́fà míràn. Gbogbo ilé ń yọ̀, èmi náà yọ̀. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi síbẹ̀. Wọn ò bẹ̀ wá. Wọ́n kàn ní àwọn ti tún àkọsílẹ̀ ṣe. Obìnrin tí a jọ ń fún aṣọ níbi iṣẹ́, ìwé tirẹ̀ náà ti parí, ẹnubodè sì ti há ọkọ rẹ̀ mọ́ òdìkejì. Ta ló máa dáhùn fún òun láti kíṣìnì? Àti pé, kí n sọ òótọ́ fún ẹ, mo ti ń tọ́jú orúkọ ọkọ mi bí aṣọ tuntun. Mi ò mọ ọjọ́ tí mo máa pè é, bóyá tí a bá ti darúgbó, tí kò sẹ́lòmíràn nílé, kí n kàn pè é wò. Wàyí o, etí ẹni tí mi ò rí lójú rí ni mo kọ́kọ́ pè é sí. Ìyẹn ni wọn ò lè tún ṣe nínú àkọsílẹ̀ kankan. Ìwọ náà mọ orúkọ yẹn, ṣùgbọ́n wò ó, mi ò kọ ọ́ síbí. Ó ti padà sí àyè rẹ̀.

Bá mi kí Màmá àti Bàbá. Bá mi yà lọ́dọ̀ ìyá mi, kí o sọ fún wọn pé wọn kì í gbé pẹ̀lú wa mọ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Kí ẹ̀gbọ́n rẹ rọra máa wakọ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, jọ̀wọ́, fi sí abẹ́ ahọ́n. Oṣù méjì rèé tí mi ò rí nǹkan oṣù mi. Mo ti lọ bá ìyá alábòójútó, mo sọ ọ́ sókè pé kó gbé mi kúrò nídìí àpò pupa lọ síbi tí wọ́n ti ń ká aṣọ, ó sì gbà. Ìyá mi ò bi mí ní nǹkan kan, àmọ́ wọ́n ti ń gba báàfù omi lórí mi. Tí Ọlọ́run bá bá wa ṣe é dópin, mo máa ní orúkọ tuntun tí màá máa fi pe ọkọ mi, Bàbá ẹnì kan. Ìyẹn, inú ilé wa ló máa ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Èmi ni tìrẹ, tí ohùn mi ti là díẹ̀,

Wúyẹ́wúyẹ́.