Ẹ̀rín Tí Rédíò Kò Gbọ́

Ojúlé Kẹrìnlá, Òpópónà Larch,
Nelson, Lancashire.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kọkànlá, ọdún 1978.

Lorna, ọmọ ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ìyá rẹ, mo sì kí gbogbo ilé yín ní Coventry. Mo mọ̀ pé òtútù ti dé sọ́dọ̀ yín bó ṣe dé síbí, mo sì ń bẹ Ọlọ́run kí ó má jẹ̀ẹ́ kí ikọ́ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ní ọjọ́ Àìkú wọ ọ́ láyà. Ara tèmi le. Orúnkún mi nìkan ló ń ráhùn, èyí kì í sì í ṣe ìròyìn tuntun.

Kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn, àpòòwé tí o fi lé mi lọ́wọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, tí o ní kí n ra sítáǹpù sí, kí n sì jù sínú àpótí lẹ́tà ní ọjọ́ Ajé, n kò tíì fi ránṣẹ́. Ó wà lẹ́yìn aago nínú pálọ̀. N kò ṣí i. Orúkọ tó wà lára rẹ̀ nìkan ni mo kà: Ọ̀gbẹ́ni Pargeter, Ẹ̀ka Eré Awàdà. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, kí n tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà lọ́dọ̀ Míìsì Crowther, ǹ bá ti jù ú sínú àpótí láì mọ ẹni tó ni ín. Ìwọ fúnra rẹ sì ti sọ fún mi nídìí tíì pé o fẹ́ fi iṣẹ́ olóòtú sílẹ̀, pé o ó padà sídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní ọ́fíìsì tí o ti kúrò, àti pé o kò fẹ́ rí ojú ọ̀gá rẹ kí o tó lọ. Jọ̀wọ́, má tíì bínú sí mi. Ka lẹ́tà yìí tán ná. Tí o bá kà á tán, o lè wá bínú bó bá ṣe wù ọ́.

Gbogbo òpópónà yìí ló mọ̀ pé ọmọ ọmọ mi ló ń gbé eré awàdà jáde lórí rédíò. Alápatà mọ̀. Ẹni tó ń fọ fèrèsé mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá láì béèrè rẹ, èmi a dá a dúró. Nígbà tí o wá sọ pé Manchester ni ẹ ó ti gba ohùn eré “Ẹyẹlé Lórí Àjà” sílẹ̀, inú mi dùn dé góńgó. O ní ìtàn opó àti ayálégbé tó kó ẹyẹlé wọlé tọ̀ ọ́, ìtàn tiwa ni, àwọn ènìyàn tiwa ló sì yẹ kó jókòó gbọ́ ọ, kí ẹ̀rín wọn lè bá eré náà jáde lórí rédíò. O sọ fún mi pé Ọ̀gbẹ́ni Pargeter kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, pé ará London ló fẹ́, àti pé ìwọ lo takú. O tún sọ pé bí ó bá dára lórí rédíò, àwọn onítẹlifíṣọ̀n lè gbà á. Nítorí náà mo mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wúwo tó nígbà tí mo ń gbé tíkẹ́ẹ̀tì káàkiri láti ojúlé dé ojúlé. Pẹ̀lú èmi fúnra mi, ènìyàn méjìlélógójì ló kún bọ́ọ̀sì, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló bá mi hun aṣọ nílé iṣẹ́ ẹ̀bá odò. Bertha Pickles yan páì ẹran fún gbogbo ọkọ̀.

Ohun kan wà nípa wa tí n kò sọ fún ọ rí, nítorí n kò rò pé ó yẹ ní sísọ. Ọmọ ọdún méjìlá ni mo wọ ilé ìhunṣọ. Ariwo àwọn ẹ̀rọ náà pọ̀ débi pé bí ènìyàn bá kígbe sí ọ létí, o kò ní gbọ́. Ẹnu ara wa là ń wò. Bertha á wà ní ìpẹ̀kun kan, èmi á wà ní ìpẹ̀kun kejì, a ó sì ti sọ̀rọ̀ gbogbo àdúgbò tán kí agogo oúnjẹ tó lù, láì lo ohùn rárá. N kò lè ka ìwé nígbà náà, ṣùgbọ́n kò sí ètè tí n kò lè kà. Bákan náà ni ẹ̀rín wa rí. Kí ni ènìyàn fẹ́ fi ohùn ṣe nínú ẹ̀rín, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè gbọ́ ọ? Èjìká la fi ń rẹ́rìn-ín, àti ikùn, àti omijé. Nígbà tí wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa, ohùn kò padà sínú ẹ̀rín wa. Nígbà tí bàbá ìyá rẹ ń fẹ́ mi sọ́nà, oṣù mẹ́ta gbáko ló fi rò pé àpárá òun kò dùn mọ́ mi nínú. Búrẹ́dì ló ń yan, kò mọ ìṣe wa. Ọjọ́ tí a jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì ní ọgbà ìgbafẹ́ ló tó mọ̀, nígbà tí bẹ́ǹṣì bẹ̀rẹ̀ sí í mì lábẹ́ rẹ̀. Ó ní, “Annis, ṣé ara rẹ ò yá ni, àbí ẹ̀rín lò ń rín?”

Lorna, ní ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn, a rẹ́rìn-ín ní ìdajì àkọ́kọ́ eré náà. Nígbà tí opó yẹn sọ fún ayálégbé pé, “Ẹnu kan ni mo gbà sílé, mi ò gba ẹnu mọ́kànlélọ́gbọ̀n,” Bertha di àga iwájú rẹ̀ mú kí ó má baà ṣubú. Mísísì Sutcliffe àgbà yọ eyín àtọwọ́dá rẹ̀ sínú àpamọ́wọ́, ó ń bẹ̀rù kí ó má gbé e mì. Ní ọjọ́ Àìkú, o sọ fún mi pé ẹni tó ń bójú tó ohùn ń ṣàròyé pé àwọn àga ń dún kíké-kíké jálẹ̀ ìdajì àkọ́kọ́, o sì rò pé ó ti sú àwọn ènìyàn ni wọn kò ṣe lè jókòó jẹ́ẹ́. Kò sú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rín wa ni àwọn àga yẹn ń bá wa rín.

Ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Nígbà tí ẹ dá eré dúró fún ìsinmi, mo wo yàrá onígíláàsì tí ìwọ àti ọ̀gá rẹ wà. Ọ̀gbẹ́ni Pargeter dojú kọ wá, iná sì tàn sí i lójú dáadáa. Mo kà á lẹ́nu rẹ̀ tó ní, “Òkú ni wọ́n kó wá bá wa.” Ìwọ ní, “Ẹ fún wọn láyè, ọ̀gá.” Ó ní, “Bí ìdajì kejì bá tún rí báyìí, màá gbé e tì, Lorna. Mi ò sì ní gbé òmíràn lé ẹ lọ́wọ́.” Kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń gbọ́ òun.

Ara mi kò gbà á. Mo yíjú sí Bertha tó wà ní ìlà kejì lẹ́yìn mi, mo fi ẹnu lásán sọ fún un pé, “Ẹ rẹ́rìn-ín síta. Wọn ò gbọ́ wa.” Bí mo bá dúró síbẹ̀ ni, bóyá nǹkan ì bá dára. Ṣùgbọ́n Bertha béèrè pé ìgbà wo ni kí àwọn máa rín in, orí mi sì wú. Mo ní, “Ẹ máa wo áńkáṣíìfù mi. Bí mo bá ti gbé e sókè, ẹ bú sẹ́rìn-ín.” Kí àwọn òṣèré tó padà sídìí makirofóònù, ọ̀rọ̀ náà ti lọ láti àga sí àga dé ìlà ìkẹyìn, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́ ohùn kankan.

Ìwọ lo kọ́ṣẹ́ olóòtú, èmi kò kọ́ ọ. Mo ń gbé áńkáṣíìfù sókè kí òṣèré tó sọ ọ̀rọ̀ tán. Mo gbé e sókè nígbà tí ayálégbé kàn ní kí wọ́n fún òun ní ṣúgà. Ènìyàn mọ́kànlélógójì á sì bú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí wọ́n bá tan gbogbo ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ papọ̀. Inú mi ń dùn, mo rò pé mo ń gbà ọ́ là ni. Lẹ́yìn náà ni a dé ibi tí opó ti rí fìlà olóògbé ọkọ rẹ̀ nínú àpótí àwọn ẹyẹlé. Mo mọ ibẹ̀. Ìwọ àti ẹni tó kọ eré náà fi ọ̀sẹ̀ méjì tún un ṣe, o sì kà á fún mi lórí fóònù. Bí obìnrin yẹn ṣe pe orúkọ ọkọ rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bàbá ìyá rẹ ni mo rántí. Omi bọ́ lójú mi. Mo gbé áńkáṣíìfù láti nù ún.

O gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín lórí fìlà òkú. Òṣèré náà, Dilys Prosser, dúró pẹ̀lú ìwé eré lọ́wọ́, ó tún ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ohùn rẹ̀ kò sì padà sípò mọ́. Ọ̀gbẹ́ni Pargeter jáde wá, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, ó ní ká máa lọ sílé. Kí a tó dìde, mo wo yàrá onígíláàsì lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìwọ nìkan ló kù níbẹ̀. O gbé ọwọ́ lérí, o sì sọ pé, “Mi ò mọ iṣẹ́ yìí.” Kò sí ẹni tí o sọ ọ́ fún. Èmi ni mo kà á.

Ó yẹ kí n ti jẹ́wọ́ kí o tó bọ́ kóòtù òtútù rẹ lálẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí o wá sùn nílé mi. Ojú ló tì mí. Ní ọjọ́ Àìkú, mo gé búrẹ́dì, mo bu tíì, mo ní ohun gbogbo yóò dára, mo sì gba àpòòwé lọ́wọ́ rẹ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ní ọjọ́ Ajé mo gbé e dé ibi àpótí lẹ́tà. Ìdajì rẹ̀ ti wọ ẹnu àpótí kí n tó fà á padà.

Láti ibẹ̀ ni mo gba ilé Bertha lọ. Mo sọ fún un pé o fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, “Annis, ìwọ tó o rẹ́rìn-ín nígbà tí pásítọ̀ ní kó o sọ ẹ̀jẹ́ ìgbéyàwó ẹ, ìwọ lo wá sọ ara ẹ di olórí ẹlẹ́rìn-ín.” Mo gbà, mo ní kó máa bú mi lọ. Nígbà tó bú mi tán, ó ní kí n sọ fún ọ pé láti ìgbà tí ọ̀gá ilé iṣẹ́ wa ti já sínú odò pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, òun kò rẹ́rìn-ín tó ti ìdajì àkọ́kọ́ yẹn mọ́.

Mo ti ń ro iṣẹ́ rẹ láti ọjọ́ náà. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé kí ènìyàn ṣáà mú àwọn èrò pariwo ni. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo mú wọn pariwo dáadáa, o sì rí ohun tó dà. Bí mo ṣe rí i báyìí, olóòtú á fi ọ̀rọ̀ tó yẹ síbi tó yẹ, á wá kó ọwọ́ rẹ̀ kúrò, á dúró. Ìdúró yẹn ni mo rò pé ó le jù. Èmi kò lè dúró. Ìwọ dúró, àní nígbà tí ọ̀gá rẹ ń kùn sí ọ létí. Ohun kan ṣoṣo ni mo rí tí mo lè bá ọ wí lé lórí: ẹ̀yin méjèèjì tẹ́tí sí wa nínú ẹ̀rọ, ẹ kò sì wo ojú wa. Ìyẹn gan-an, ẹ̀bi mi wà níbẹ̀, nítorí èmi ni mo mọ irú ènìyàn tí mo kó wá.

Nísinsìnyí, ìròyìn tó lè mú ọ bínú jù. Mo fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ sí Ọ̀gbẹ́ni Pargeter láàárọ̀ yìí. Tìrẹ kọ́. Tèmi ni. Ara àpòòwé rẹ ni mo ti wo àdírẹ́sì rẹ̀ kọ, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́. Míìsì Crowther ní òun yóò bá mi yẹ̀ ẹ́ wò, mo kọ̀. Àṣìṣe tó bá wà níbẹ̀, tèmi ni. Mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ áńkáṣíìfù fún un. N kò bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe ọ́ lóore kankan. Mo ní kó gbé téèpù ìdajì àkọ́kọ́ sí i, kó fi ẹnu wa sílẹ̀, kó tẹ́tí sí àwọn àga. Mo sì sọ fún un pé kò sí òkú kankan nínú gbọ̀ngàn yẹn. Yóò máa ṣe kàyéfì bí mo ṣe mọ̀ pé ó sọ bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kó máa ṣe é.

Ní ti àpòòwé tìrẹ, ìwọ lo kọ ọ́, ìwọ lo ni ín. Nígbà tí o bá pè mí lórí fóònù lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, bí o bá ní kí n fi ránṣẹ́, màá fi sítáǹpù sí i lọ́jọ́ kejì, màá sì rìn dé ibi àpótí náà. N kò ní bi ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n má ṣe é nítorí ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ọwọ́ mi ló ba ọjọ́ yẹn jẹ́.

Kí Ọlọ́run tù ọ́ nínú, kí ó fún ọ ní oorun tó dùn, kí ó sì fi ọ̀nà tó yẹ kí o tọ̀ hàn ọ́. Kí ó jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ dé etí àwọn tó nílò rẹ̀. Kí ó má jẹ̀ẹ́ kí ìfẹ́ tí mo ní sí ọ tún pa ọ́ lára.

Èmi ni ìyá ìyá rẹ, tó ń fi ọ́ yangàn,
Annis Hartley.

Àfikún: Bí mo ṣe fẹ́ lẹ àpòòwé yìí ni Clifford Varley kan ilẹ̀kùn. O kò mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin gíga tó jókòó ní ìlà ìkẹyìn ni. Ariwo ẹ̀rọ ìhunṣọ ti di í létí pátápátá láti ọdún 1951, mo sì rò pé torí páì Bertha ló ṣe bá wa lọ. Ẹnu àwọn òṣèré ló ń wò jálẹ̀ eré. Ó dúró nínú òjò, kò fẹ́ wọlé, ó ní nǹkan kan ṣoṣo ni òun wá béèrè: kí ni obìnrin yẹn ṣe lẹ́yìn ìgbà tí ó rí fìlà náà? Mo ní n kò mọ̀. Ó ní kí n bá òun bi ọ́.