Ìbọn tó Dún ní Bẹyẹrunká Kì í Ṣe Ìbọn Òkú

Ẹ kú ilé o, Baba mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkun ló wà láàárín wa. Ẹ kú ẹsẹ̀ o. Ẹ kú ìrìnkiri tí mo kó yín sí lásìkò tó yẹ kí ẹ jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ yín ní Ọjà'ba, kí ẹ máa bá àwọn oníbàárà ṣẹ̀fẹ̀. Mo kí Ìyá Ìsàlẹ̀ Òsì, àbúrò yín, tí wọ́n tọ́ mi dàgbà láti ìgbà tí ìyá tó bí mi ti lọ. N kò mọ irú ìkíni tí mo lè kí wọn tí yóò tó. Mo kí Oyèníyì àbúrò mi. Mo kí Baba Alùfáà, aládùúgbò wa, mo sì kí gbogbo ẹ̀yin ará Bẹyẹrunká àti Àrẹ̀mọ tí ẹ fi oúnjẹ sílẹ̀ tí ẹ sáré jáde lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Baba, ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni ẹ ti ń ka èyí. Mo mọ̀ pé ẹ kì í fẹ́ kí wọ́n máa ka ọ̀rọ̀ ilé yín níta. Ṣùgbọ́n ariwo tí mo dá sílẹ̀, gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ọ. Tí mo bá wá fi ẹ̀bẹ̀ mi sínú àpòòwé kan ṣoṣo, tí mo lẹ̀ ẹ́ pa, ta ni yóò gbọ́ ìyẹn? Ẹ jẹ́ kí àwọn tó sáré náà kà á.

Iṣẹ́ ń lọ. Ilé ìfọṣọ ńlá yẹn ni mo ṣì wà, níbi tí a ti ń fọ aṣọ ilé ìwòsàn àti ti òtẹ́ẹ̀lì. Nínú ilé náà, ooru ni; bí mo bá sì jáde síta, òtútù á gbá mi létí bí ẹni tí mo jẹ ní gbèsè. Ìdánwò tí ẹ máa ń bi mí léèrè, mo tún un ṣe, n kò sì tún yege. N kò sọ fún yín nítorí pé ojú ń tì mí. Ìyẹn náà ló fà á tí mo fi ń sún ọjọ́ àtiwálé síwájú lọ́dọọdún, tí mo ń fi iṣẹ́ kẹ́wọ́. Yàrá kan ni mo háyà lọ́wọ́ ìyá àgbà òyìnbó kan. Èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n tí a bá ti kí ara wa láàárọ̀, ó di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọjọ́ Àìkú ló burú jù. Kò sẹ́ni tí yóò yà wọlé, kó ní òun kò wá nǹkan kan wá, ojú mi lásán ni òun ní kí òun wò.

Ní oṣù kọkànlá, àwọn ará ìhín ní alẹ́ kan tí wọ́n máa ń yin báńgà. Àwọn kan ń dún gbàù nílẹ̀, àwọn kan ń fò lọ sójú ọ̀run, wọ́n á sì tú ká láwọ̀ pupa àti àwọ̀ ewé. Ìyá onílé mi ṣàlàyé fún mi pé láyé àtijọ́ ọkùnrin kan fẹ́ fi ẹ̀tù fọ́ ilé ìgbìmọ̀ mọ́ ọba lórí, ọwọ́ sì tẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dáná sun ère rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní wọn kò gbọdọ̀ yìn ín lójú títì, wọn kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú jù. Ọlọ́pàá á mú ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ibi gbogbo náà ni káńsù ti ń ṣọ́ báńgà, pé àwa náà ní òfin tiwa nílé. Ká ní mo gbé ẹ̀rín yẹn tì, tí mo ro ọ̀rọ̀ náà díẹ̀ sí i, ẹsẹ̀ Ìyá Ìsàlẹ̀ Òsì ì bá wà bó ṣe wà.

Fún àwọn tí kì í ṣe ará Ìbàdàn tí wọ́n ń ka ìwé yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ òfin náà. Nígbà tí mo ṣì wà nílé ni wọ́n kéde rẹ̀ pé ọjọ́ ọdún nìkan ni èèyàn lè yin báńgà: Kérésì, ọdún tuntun, Ìtúnu Ààwẹ̀ àti Iléyá, láti ìgbà tí a bá tan àtùpà títí di aago mẹ́sàn-án. Ọjọ́ tó kù, kò sáàyè. Ìbọn òkú àgbà nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀, ọmọ olóòkú á sì lọ gba ìwé àṣẹ ní ọ́fíìsì káńsù ní Màpó kó tó yìn ín. Àwa ọmọ ìlú pa òfin náà mọ́ débi pé ó wọ̀ wá létí. Bí nǹkan bá dún gbàù lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọdún, kò sẹ́ni tó ń béèrè pé kí ló dún. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni pé ta ló kú.

Mo mọ èyí. Òkè òkun kò lè mú mi gbàgbé rẹ̀, mo kàn gbé e tì ni. Nígbà tí àwọn onísọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta báńgà, mo ra páálí kan, mo sì bẹ ọ̀rẹ́ mi kan tó ń padà sílé pé kó tì í sáàárín aṣọ rẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi. Ẹ wo ìwà mi: ẹ̀tù ni mo kó sínú ẹrù ọlọ́mọ. Mo kọ̀wé sí Oyèníyì pé kó yìn ín ní aago méje alẹ́ ọjọ́ náà gan-an, nítorí pé aago méje yín ni aago mẹ́fà tiwa, kí ó lè jẹ́ pé ìṣẹ́jú kan náà ni gbogbo wa ń yìn ín. Mo ní kó má da ara rẹ̀ láàmú lórí òfin, pé nǹkan òyìnbó ni, kì í ṣe báńgà àwọn ọmọ ìta. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ó ń wù mí kí gbogbo Bẹyẹrunká gbọ́ ọ, kí wọ́n máa bi ara wọn pé ta ló ń yin irú iná báyìí, kí wọ́n sì gbọ́ pé ọmọ Baba Télọ̀ tó wà nílùú òyìnbó ni.

Oyèníyì kọ̀wé sọ fún mi pé òun kọ́kọ́ kọ̀. Ó ní òun kó páálí náà wá bá yín, òun sì rán yín létí òfin. Ó ní ẹ̀yin lẹ ní kó yìn ín. Ẹ ní láti ọjọ́ tí ọmọ yín ti lọ, kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ yín rí, pé kékeré tó wá béèrè yìí, ẹ kò ní fi dù ú. Baba, mo ka ibẹ̀ tán, n kò lè kà á síwájú mọ́, mo ní láti gbé ìwé náà sílẹ̀ ná.

Gbogbo yín tí ẹ sáré náà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Bó ṣe dún lẹ́ẹ̀kíní, ẹ fi oúnjẹ sílẹ̀. Bó ṣe tún dún, ẹkún sọ láti ilé dé ilé, nítorí kò sí àgbà mìíràn nínú agbo ilé wa ju Baba lọ. Baba Alùfáà ló kọ́kọ́ wọlé, tí wọ́n ń pe ìnnà lílláhì kíkankíkan, tí omi ń dà lójú wọn, wọ́n sì bá Baba tí wọ́n fi ẹ̀kọ sọ́wọ́ kan, tí wọ́n fi ọ̀lẹ̀lẹ̀ sọ́wọ́ kejì. Baba bi wọ́n léèrè pé ta ló kú. Oyèníyì ní Baba Alùfáà wo Baba títí, wọ́n sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á, n kò ní purọ́. Ìlà tó tẹ̀ lé e ló gba ẹ̀rín náà lẹ́nu mi.

Ẹnì kan ti sáré dé Ìsàlẹ̀ Òsì. Ó ní ẹ̀gbọ́n wọn ti lọ. Ìyá mi já gèlè kúrò lórí, wọ́n ń sáré bọ̀ nínú òkùnkùn, wọ́n sì já sí gọ́tà. Eegun itan wọn ló dá. Ẹni tó ń to eegun ti dì í, ṣùgbọ́n orí ẹní ni wọ́n ṣì wà títí di àsìkò yìí. Ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an, èmi wà lẹ́yìnkùlé ìyá onílé, mo ń yin tèmi, mo ń rẹ́rìn-ín bí òmùgọ̀, mo ní mo wà pẹ̀lú yín. Ìyá mi ní kí Oyèníyì má sọ fún mi. Ohun tí wọ́n kàn ń bi í ni pé ṣé Oyèlékè gbọ́ ọ lọ́hùn-ún, ṣé ó dùn mọ́ ọn. Ìyá mi, n kò gbọ́ ọ. Ibi tí mo wà jìn jù.

Ọlọ́pàá dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ní ta ló yìn ín láìgbàwé àṣẹ. Baba, ẹ ní ẹ̀yin ni. Ẹ dúró ní kóòtù nítorí Oyèníyì, ẹ sì dúró nítorí èmi tí ojú adájọ́ kò lè dé ọ̀dọ̀ mi. Adájọ́ bi yín léèrè bóyá ẹ ti rí ẹni tó yin ìbọn òkú ara rẹ̀ rí, gbogbo kóòtù rẹ́rìn-ín, wọ́n kìlọ̀ fún yín, wọ́n sì ní kí ẹ máa lọ. Ṣùgbọ́n ọjà kò tú yín sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó gbọ́ pé ẹ kú kò gbọ́ pé ẹ kò kú. Nígbà tí ẹ padà sí ìsọ̀ yín, obìnrin tó ń ta òwú fi igbá rẹ̀ sílẹ̀ ó sá, ó ní àkúdàáyà ni. Àwọn oníbàárà rán èèyàn wá gba aṣọ wọn láìrán, torí pé ta ni yóò wọ aṣọ tí àkúdàáyà rán? Ni ẹ bá mú ọ̀pá, ẹ ń lọ láti ilé dé ilé, ní Bẹẹrẹ, ní Àrẹ̀mọ, ẹ gun òkè Màpó, ẹ ń na ọwọ́ sí àwọn èèyàn kí wọ́n lè fọwọ́ kàn yín. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí mo bá ń ti kẹ̀kẹ́ aṣọ níbi iṣẹ́, ọ̀pá yẹn ni mo ń gbọ́.

Gbogbo èyí ni mo lè gbà kí ẹ bá mi wí lé lórí. Ẹ̀yin kò wá bá mi wí. Ẹ ní kí Oyèníyì sọ fún mi pé kí ọkàn mi balẹ̀, pé ìbọn tó yẹ kí àkọ́bí yìn fún baba rẹ̀, mo ti yìn ín, ẹ sì ti fi etí ara yín gbọ́ ọ. Ẹ ní ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọ̀nà jìn. Oyèníyì ní ẹ kò bínú rárá nígbà tí ẹ ń sọ ọ́, ẹ ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ lọ ni. Baba, ó ti pẹ́ tí ẹ ti gbà pé n kò ní sí nílé lọ́jọ́ náà. Ẹ ti mọ̀, ẹ kò sì fi yé mi, kó má baà dùn mí.

Ẹ má kà á mọ́ mi lọ́wọ́. Mo bẹ̀ yín. Bébà ni, Baba, bébà tí wọ́n ká mọ́ ẹ̀tù ráńpẹ́, ohun tí àwọn ọmọdé ń fi ṣeré. Kì í ṣe ìbọn ọmọ sí baba. Mo ti sọ fún ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ pé bí òtútù bá ti rọlẹ̀, mo ń lọ sílé, mo sì ti gba àyè nínú ọkọ̀. Ìdánwò lè máa dúró dè mí. Ìsàlẹ̀ Òsì ni mo máa kọ́kọ́ dé, ẹ má jowú; ẹ̀yìn mi ni mo máa fi pọn Ìyá mi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹsẹ̀ wọn kò bá tíì gbé wọn.

Ẹ̀yin ará Ọjà'ba tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ dákun, ẹ má sá fún Baba mi mọ́. Kérésì ti dé tán, ẹ kó aṣọ yín padà lọ bá wọn. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, lágbà lọ́mọdé. Ọlọ́run yóò to eegun Ìyá mi kó lè dára, kò ní jẹ́ kí ẹ tún sáré òfo mọ́, yóò sì fi ẹ̀mí gígùn ṣe èrè ariwo tí ẹ gbọ́ yẹn. Ẹ jẹ́ kí n bá yín, Baba, ní ìdí ẹ̀rọ yín.

Èmi ni ọmọ yín tó ṣì jẹ yín ní ìbọn kan, tí kò sì kánjú àtisan án,

Oyèlékè.