Iṣu Mẹ́wàá Fún Màdáàmù Micheline

Máṣífà, oṣù Ẹ̀bìbí, ọdún 2010

Mùkàrámà, Àwẹ̀ró ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ, mo kí ará àdúgbò yín ní Anoumabo tó bá ṣì rántí mi. Òjò ti dé síbí, mo gbọ́ pé ó ti dé ọ̀dọ̀ yín náà, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ó bá yín nínú ilé tí kò ní òrùlé. Mùíbì aránṣọ, ẹni tó gbé Abobo lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún rí, ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má fi ọ̀rọ̀ dídùn tirẹ̀ há a láàárín.

Ara mi le, àfi orúnkún. Ewúrẹ́ dúdú bí méjì, ọ̀kan kú. Jẹ̀mílà àbúrò rẹ ti lọ sílé ọkọ, ilé wá dákẹ́. Fóònù tí o fi ránṣẹ́ wà nínú àpótí, mo fi aṣọ wé e, mi ò ṣí i, kí ọ̀rọ̀ tí o rà sínú rẹ̀ má baà gbẹ. Nítorí náà má bínú pé o ń pè mí, mi ò dáhùn.

Lẹ́tà rẹ tí dẹ́rẹ́bà mú wá tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní ẹ ti ṣí páànù ilé kúrò láti tún un ṣe, káfíńtà ti dúró, tapólì lẹ fi bo yàrá, àti pé ọ́fíìsì tí ẹ ń pè ní biró, tó fẹ́ fún yín ní owó ìrànwọ́, ti gbé fáìlì wa sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, o ò sì mọ ìdí rẹ̀. Má wádìí mọ́. Èmi ni.

Nígbà tí o ní kí n tẹ ìka sí ìwé wọn nítorí pé èmi ni mo ni ilé, inú mi ò dùn sí i. Wọ́n á fún wa lówó, kí a fi tẹ́ nǹkan sábẹ́ páànù kí oòrùn má ráyè wọlé, kí a pààrọ̀ gúlóòbù, kí iná tí ẹ ń lò lè dín kù. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ta aṣọ ní ọjà Treichville lọ́hùn-ún, mi ò rí oníṣòwò tó fún oníbàárà lówó pé kó má ra ọjà òun púpọ̀ mọ́. Mùíbì ní kì í ṣe àwọn tó ń ta iná ló ń fún ni, àwọn mìíràn ni, wọ́n fẹ́ kí iná kárí. Ìwé náà tún béèrè ibi tí ooru ń gbà wọlé. Mo ní kí Mùíbì kọ ọ́ pé láti ara oòrùn ni, bóyá wọn ò mọ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí o kọ̀wé pé owó náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí wa lọ́wọ́, mo rò ó pé bó bá jẹ́ òótọ́, ẹ̀bùn ni. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Mo kó iṣu mẹ́wàá sínú ọkọ̀ Èjìgbò tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, mo ní kí Làtífù ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà lọ́dọ̀ yín níbẹ̀ ra àkùkọ kún un ní ọjà Adjamé, kó gbé e lọ fún Màdáàmù Micheline tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé.

Làtífù dé biró, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Obìnrin náà bi í pé kí ló ń wá nílẹ̀. Ó ní òun wá dúpẹ́ ni. Màdáàmù ní ọpẹ́ kí ni, òun ò tíì fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, ìpàdé tó máa pinnu rẹ̀ kò tíì jókòó. Làtífù rò pé ojú ló ń tì í, bí a ti í ṣe nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ gbé nǹkan fún wa, ó bá ti iṣu sún mọ́ ọn. Àkùkọ já, ó fò lé orí tábìlì, ó yàgbẹ́ sórí ìwé ẹlòmíràn. Màdáàmù ní ẹni tó bá ń dúpẹ́ kí oúnjẹ tó jinná, ó ń ra oúnjẹ náà ni, rìbá sì ni àwọn ń pè é. Ó ní kó kó ẹrù rẹ̀ jáde, kí onílé fúnra rẹ̀ kọ̀wé ṣàlàyé kí ìpàdé tó jókòó ní ogúnjọ́ oṣù Okúdù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á pa orúkọ wa rẹ́. Ẹ̀rù rẹ ba Làtífù, èmi ló ránṣẹ́ sí.

Mo mọ ohun tí o máa sọ, pé èmi tí mi ò kí ènìyàn, kí ló dé tí mo wá ń kí ẹni tí mi ò mọ̀. Òótọ́ ni. Nígbà tí àìsàn dá ìyá rẹ dùbúlẹ̀ ní yàrá ẹ̀yìn, ooru ń ti ara páànù yẹn wá bí ẹni wà lórí ààrò. Obìnrin Ebrié, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, tó wà ní ojúlé kejì ní fíríìjì. Lójoojúmọ́, bí oòrùn bá ti kàntàrí, á bu yìnyín sínú abọ́, á fi aṣọ bò ó, á gbé e fún mi lẹ́nu ọ̀nà. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún. Mi ò sọ pé o ṣeun. Mò ń bínú sí gbogbo ayé, mò ń bínú sí yìnyín pàápàá pé ó ń yọ́. Mo sin ìyá rẹ tán, mo di ẹrù, mo wá sílé. Ọdún tí mo wá ń múra láti padà lọ kí i, o kọ̀wé pé ó ti kú. Mùíbì dá kálámù dúró níbí. Mo ní kó máa kọ ọ́ lọ.

Ìdí tí iṣu fi ṣáájú nìyẹn.

Ìwé kejì wà nínú àpòòwé yìí, Mùíbì fi ìwọ̀nba Faransé tó mọ̀ kọ ọ́. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé iṣu kì í ṣe rìbá, pé bàbá arúgbó kan ló pẹ́ jù nígbà kan, ló wá yá jù nígbà yìí. Ìka mi wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Gbé e lọ kí ogúnjọ́ tó pé. Má mú nǹkan kan dání, kódà omi.

Gba iṣu lọ́wọ́ Làtífù, kí o fún un ní mẹ́ta, ó jìyà. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ti òògùn orúnkún àti ti ọkọ̀, nítorí bí wọ́n bá fún wa, èmi fúnra mi ni mo fẹ́ wá dúpẹ́, oúnjẹ á ti jinná nígbà náà. Bí wọn ò bá fún wa, mà á ta àwọn ewúrẹ́ tó kù, ẹ ó fi kún owó páànù, ẹ̀bi mi ni.

Ọlọ́run á bo orí rẹ kí káfíńtà tó bo ilé. Ọwọ́ rẹ ò ní gbòfo, àwọn ọmọ rẹ ni yóò gbẹ̀yìn rẹ.

Yàrá ẹ̀yìn ni kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ́ nǹkan náà sí. Bí wọ́n bá tẹ́ ẹ tán, lọ jókòó níbẹ̀ nígbà tí oòrùn bá kàntàrí, kí o kọ̀wé sí mi bóyá ó tutù.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àbúdù