Chizuru, Yìnyín Kò Tíì Dí Ọ̀nà

Abúlé Kamisawa,
Ìparí oṣù kọkànlá.

Chizuru ọmọ mi,

Ṣé o sùn dáadáa, ṣé o jí dáadáa, ṣé o ń jẹ oúnjẹ tó gbóná? Àwa ń bẹ láàyè nílé níbí. Àwọn baba ńlá wa tó wà lórí pẹpẹ nínú yàrá ńlá kò ní jẹ́ kí o ṣubú nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ yẹn, tí wọ́n ń fi ọwọ́ ti èèyàn wọ̀ bí ẹni ń ki ìrẹsì sínú àpò. Ìyá mi àgbà náà ń kí ọ; mo ti gbé ìrẹsì àárọ̀ síwájú àwòrán wọn, mo sọ fún wọn pé mo fẹ́ kọ̀wé sí ọ, wọn ò sì sọ pé rárá. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Ohun tó sọ gan-an ni "Hùn," ṣùgbọ́n lẹ́yìn ogójì ọdún, mo mọ Hùn tó jẹ́ ìkíni yàtọ̀ sí Hùn tó ń sọ pé tíì ti tutù.

Mo mọ̀ pé á yà ọ́ lẹ́nu pé mo ń kọ̀wé nígbà tí fóònù wà. Fóònù náà ló fa ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ, ìdí nìyí tí mi ò fi fẹ́ kó gbọ́ ọ.

Ṣé o rántí pé mo sọ fún ọ nígbà ooru pé yunifásítì fẹ́ fi akẹ́kọ̀ọ́ àlejò kan wọ̀ sílé wa títí òtútù yóò fi bẹ̀rẹ̀, kó lè kọ́ bí a ṣe ń darí omi sínú oko ìrẹsì? Dulguun lorúkọ rẹ̀, ọmọ Mòńgólíà ni, ahọ́n wa ò sì gbé orúkọ náà délé, Duru là ń pè é. Lọ́jọ́ tó fẹ́ dé, gbogbo abúlé tú jáde, nítorí gbogbo ọmọ Mòńgólíà tí a ti rí rí, inú tẹlifíṣọ̀n la ti rí wọn, níbi tí wọ́n ti ń jàkadì, tí wọ́n ń gbé àwọn ọmọ wa ṣánlẹ̀ bí àpò ìyẹ̀fun. Toki aládùúgbò wa ti rán aṣọ ìbora tó lè bo màlúù méjì. Èmi ti se ìrẹsì nínú ìkòkò tí a fi ń ṣe ayẹyẹ. Ìgbà tí ọmọ náà sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi tí a fi ń jẹun, ó wọ dígí, gbogbo wa sì ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá oníjàkadì gan-an ṣì ń bọ̀. Àwọn ará abúlé ò kúkú gbà pé kì í ṣe oníjàkadì. Lọ́jọ́ ọdún ojúbọ, wọ́n tì í wọ inú agbo ìjàkadì, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ kì í parọ́, ẹni tó ń pín lẹ́tà sì gbé e sọ sínú oko Toki. Ó jókòó sínú ẹrẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín ju àwa tí a ń wò ó lọ, ó ní nílé àwọn gan-an, ewúrẹ́ ló máa ń gbé òun ṣánlẹ̀.

Bí a bá ti jẹun ìrọ̀lẹ́ tán, ó máa ń gbé fóònù rẹ̀ ti ìgò sóyà tí a fi ń dun oúnjẹ, á máa bá a sọ̀rọ̀, á máa rẹ́rìn-ín. Mo kọ́kọ́ rò pé àdúrà ẹ̀sìn wọn ni, mo máa ń pa tẹlifíṣọ̀n, mo máa ń tẹríba títí á fi parí. Àṣé àwọn èèyàn rẹ̀ ló ń ròyìn wa fún. Wọ́n máa ń fi àwòrán ọkàn pupa ránṣẹ́ sí i, ó pọ̀ débi pé ó ń fò lójú fóònù bí eṣinṣin. Mo bi í bóyá àrùn ọkàn ló gbòde lọ́dọ̀ wọn, mo ní kó sọ fún wọn kí wọ́n dín iyọ̀ kù. Lọ́jọ́ kan ó ní kí n wá kí wọn. Mo wọ aṣọ kimono tí mo wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó àbúrò rẹ, mo fi pọ́dà sójú, mo kúnlẹ̀ níwájú ìgò sóyà, mo dojú kanlẹ̀, mo kí ìyá rẹ̀, mo kí bàbá rẹ̀, mo kí ẹṣin wọn. Ìgbà tí mo gbórí sókè ni Duru ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé mo ti jáde kúrò nínú àwòrán fóònù látìgbà tí mo ti tẹríba, pé ìkòkò oníná tí mo fi ń se ìrẹsì ni gbogbo ilé wọn ń wò, wọ́n sì ní ohùn rẹ̀ dùn.

Gbọ́ ohun tó ń sọ nípa wa. Ó ní mo máa ń tẹríba fún fóònù. Mo ní bí mi ò bá tẹríba, báwo ni ẹni tó wà lọ́hùn-ún ṣe máa mọ̀ pé mo bọ̀wọ̀ fún òun? Ó ní mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ tó ń pọ owó ní báńkì. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tó máa ń yọjú nínú ẹ̀rọ yẹn ló kọ́kọ́ máa ń tẹríba fún mi, ṣé kí n kàn já owó gbà lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ kí n yíjú lọ ni? Mo tiẹ̀ mú èso kaki kan lọ fún un, mi ò rí ihò tí mo lè tì í gbà, mo bá gbé e sórí ẹ̀rọ náà. Ìgbà tí mo padà lọ, kò sí níbẹ̀ mọ́, ó ti jẹ ẹ́. Ó ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni bàbá rẹ ní láyé: oúnjẹ, omi ìwẹ̀, oorun. Irọ́ ni, ó gbàgbé Hùn. Ó ní mo fún Toki ní gbòǹgbò daikon kan láti inú oko, tó tóbi bí itan ọmọ ọwọ́, Toki fi daikon tó tóbi jù ú lọ dúpẹ́, mo fi kaki dúpẹ́ ìdúpẹ́, Toki fi ẹyin dúpẹ́ kaki, ó ní níbòmíràn, báyìí ni ogun ṣe ń bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo ìyẹn, ẹ̀rín ni. Ohun tó wá dá wàhálà sílẹ̀ ni pé ọmọ náà ń gba ọ̀rọ̀ wa gbọ́.

Toki pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà, ó sọ ohun tí gbogbo wa ń sọ, ó ní Duru, yà sílé wa nígbàkigbà kí o wá jẹun. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, Duru wẹ̀, ó yarun, ó lọ. Toki jókòó, ó ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná, ó fi tówẹ̀lì wérí, ọbẹ̀ àná nìkan ló sì kù nínú ìkòkò. Ọmọ náà bọ́ bàtà, ó jókòó, ó ní Màmá Toki, mo ti dé. Lọ́jọ́ kejì, Toki sáré dé ẹnu ọ̀nà mi, ó ní Fusae, àlejò rẹ wá sílé mi! Mo ní ṣé ìwọ kọ́ lo pè é ni? Ó ní èmi ni mo pè é, ta ló wá ní kó wá? Mo ní Toki, ẹni tí a pè kì í wá ni? Ó ní má fi mí ṣẹlẹ́yà, láti ogún ọdún ni ìwọ náà ti ń pè mí wá mu tíì, ọjọ́ wo lo rí mi? Mo rò ó wò, òótọ́ ni. Mo ní ó yá, wọlé wá mu tíì. Kò wọlé.

Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó jẹ́ pe Duru wá jẹun mọ́ àfi tó bá ti dáná tán. Toki fúnra rẹ̀ wá ń se ọbẹ̀ ẹja sílẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, ó ń yọjú lójú fèrèsé, bí ọmọ náà bá sì pẹ́ díẹ̀, á máa ṣépè fún omi oko tó dá a dúró.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ fóònù. O pè mí lọ́jọ́sí nígbà tí èmi àti Duru ń bó kaki lábẹ́ etí òrùlé, àwọn tó ń gan ẹnu yẹn tí a máa ń so rọ̀ sí oòrùn títí wọn á fi dùn. O ní iṣẹ́ pọ̀ ní ọ́fíìsì, o ò mọ̀ bóyá o máa ráyè wálé ọdún tuntun. O ò tíì parí ọ̀rọ̀ tí mo fi dáhùn. Mo ní háà, má wulẹ̀ wá, má da ara rẹ láàmú, yìnyín ti dí ọ̀nà pa, èmi àti bàbá rẹ sì fẹ́ràn kí ilé dákẹ́. Mo tẹríba fún fóònù, mo gbé e sílẹ̀. Oòrùn ń ràn yòò lórí wa. Duru wo òkè, ó wo ọ̀nà, ó wo ojú mi. Ó ní Màmá, ṣé ẹ̀yin àtọmọ yín ń jà ni? Mo ní rárá o. Ó ní ẹ ní kó má wá. Mo ní ó mọ ohun tí mò ń sọ. Ó ní báwo ló ṣe mọ̀ ọ́n? Mo ní gbogbo ọmọ ló mọ̀ ọ́n. Ó ní ta ló sọ fún wọn? Mo ní wọn kì í sọ ọ́, èèyàn kàn máa ń mọ̀ ọ́n ni. Ó bó kaki kan tán, ó ní lọ́dún tó kọjá ńkọ́, ṣé ó wá? Mo mú kaki mìíràn. Ó ní èyí tó ṣáájú ìyẹn? Chizuru, mo bó kaki ọwọ́ mi títí ó fi ku kóró.

Ó ní nílé àwọn, pápá lọ salalu, bí ìyá bá fẹ́ rí ọmọ, á gun orí òkè kan, á fi gbogbo ọ̀fun pe orúkọ rẹ̀ títí ẹṣin ọmọ náà á fi yíjú padà. Ó ní bí ìyá òun bá dúró lórí òkè yẹn tó ń pariwo pé Dulguun, má wulẹ̀ wálé, òun ì bá ti dé Rọ́ṣíà báyìí. Mo rẹ́rìn-ín, mo wá ń wo ọ̀nà ibùdó bọ́ọ̀sì.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, a ṣe ìdágbére fún un ní gbọ̀ngán abúlé. Wọ́n ní kó sọ ohun tó rí láàárín wa. Ó sọ ti ìkòkò ìrẹsì tó ní ohùn dídùn, ó sọ ti daikon, ó sọ ti ọbẹ̀ àná Toki, a rẹ́rìn-ín títí olórí abúlé fi da tíì sórí itan ara rẹ̀. Ó wá ní ohun kan wà tí òun ò lè fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Ó ní nílé tí òun ń gbé, gbogbo ọjọ́ tí oòrùn bá ti yọ, Màmá máa ń gbé ẹní òwú kan síta, á fi igi gbá a, á yí i padà, á sì kó o wọlé nírọ̀lẹ́. Ó ní òun kọ́kọ́ rò pé ti òun ni, inú òun ń dùn, àfi ìgbà tí òun rí i pé ti òun ò kúrò ní àjà òkè níbi tí òun ń sùn. Ó ní ẹni tó ni ẹní náà ni Màmá ń sọ fún lórí fóònù pé kó má wá.

Mo wá ibi tí ilẹ̀ máa là kí n kó wọ̀ ọ́, kò là. Toki ló kọ́kọ́ fọn imú, nítorí òun náà ti ní kí ọmọ rẹ̀ tó wà ní Osaka má wá. Olórí abúlé ní bẹ́ẹ̀ náà ni òun ṣe. Bí wọ́n ṣe ń jẹ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan nìyẹn, àṣé gbogbo wa la ti fẹnu lé àwọn ọmọ wa lọ, tí a wá jókòó tí a ń gbá ẹní. Bàbá rẹ, tí kò sọ̀rọ̀ rí nínú gbọ̀ngán yẹn látọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ọ, dìde. Ó ní Fusae, kọ̀wé sí i. Ó jókòó.

Nígbà tí Duru ń wọ bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ kejì, Toki ní yà sílé wa nígbàkigbà o. Lẹ́yìn náà ló di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní tèyí kì í ṣe eré o, mò ń sọ ọ́ lóòótọ́. Duru ní òun kò tíì fìgbà kan rò pé eré ni.

Ó yá, ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ síta kó tó lọ. Bàbá rẹ ni mo kọ́kọ́ fi dánra wò, mo ní mi ò fẹ́ràn bó ṣe ń fa ọbẹ̀ mu ṣùrùṣùrù. Kò kú. Nítorí náà gbọ́. Ìborùn tó o rà fún mi, tí mo ní ó ti dára jù láti máa wọ̀, ó ń yún mi lọ́rùn, ológbò ló ń sùn lé e. Àkàrà ẹ̀wà aládùn tó o máa ń rà ní ibùdókọ̀ Tokyo, mi ò fẹ́ràn rẹ̀, Toki ni mò ń fún, Toki náà ò fẹ́ràn rẹ̀, ẹni tó ń pín lẹ́tà ló ń fún, bóyá òun ló fún un lágbára tó fi gbé Duru sọ. Kéèkì olọ́ra tí wọ́n to èso pupa sórí rẹ̀ ni mo fẹ́. Irun tó o gé lọ́dún ìjọsí, tí mo ní ó bá ọ lójú mu, kò bá ọ lójú mu. Háà, Chizuru, ó dùn o! Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bọ́ bàtà tó ti ń fún un láti àárọ̀.

Owó tí mo máa ń ní kí o má fi ránṣẹ́, fi díẹ̀ ránṣẹ́. Aṣọ tí a fi ń bo tábìlì oníná tí a ń ki ẹsẹ̀ sí lábẹ́ ti jó, bàbá rẹ ló sùn lọ níbẹ̀. Mi ò sọ pé bí o bá rí i ṣe. Mo ní kí o fi ránṣẹ́. Tàbí kí o gbé e wá fúnra rẹ, nítorí ibẹ̀ ni mò ń lọ, mo ti ń yí i ká látòkè ìwé yìí bí adìyẹ tó fẹ́ yé.

Mo kọ pé bí iṣẹ́ ò bá pọ̀. Mo pa á rẹ́. Mo kọ pé bí kò bá ni ọ́ lára. Mo pa á rẹ́. Èyí tó kù rèé: Chizuru, wá sílé lọ́dún tuntun. Mo fẹ́ rí ọ. A máa gún iyán ìrẹsì, bàbá rẹ á di ọmọ odó mú, ìwọ lo máa yí i nínú odó, nítorí ọwọ́ mi ò yá bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Lọ́dún tó kọjá, bàbá rẹ fi ọmọ odó gún mi lọ́wọ́, a sì dákẹ́, a ò sọ fún ọ.

Kí ẹsẹ̀ rẹ má yọ̀ ní Tokyo. Kí inú ọ̀gá rẹ dùn lọ́jọ́ tí o máa tọrọ àyè. Kí ọkọ̀ tó máa gbé ọ bọ̀ má dúró lọ́nà, kí o sì bá ẹní rẹ ní gbígbóná. Èmi ni ìyá rẹ, Fusae.

Mo fẹ́ lẹ ìwé yìí pa ni mo gbọ́ gàràgàrà níta. Bàbá rẹ ló gbé ṣọ́bìrì yìnyín jáde, tó ń ha ọ̀nà láti ẹnu ilẹ̀kùn wa lọ sí ibùdó bọ́ọ̀sì. Mo ní baálé mi, yìnyín ò tíì bọ́ o, ilẹ̀ gbígbẹ lò ń ha. Ó ní Hùn. Irú Hùn yẹn, mi ò gbọ́ ọ rí.