Orúkọ Màámi Di Méjì Lórí Fóònù

Wonder,

Má tan kọ̀ǹpútà yìí o! Ìdí tí mo ṣe lẹ ìwé mọ́ ọn nìyẹn. Mo ti pè ẹ́ títí, ìpè ò wọlé, mo sì ti ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́.

Láàárọ̀ yìí, Bàámi fẹ́ gbọ́ orin Màámi kí wọ́n tó lọ sódò, bí wọ́n ṣe ń ṣe látìgbà tí a ti sin Màámi. Wọ́n bá orúkọ Màámi lẹ́ẹ̀mejì lórí fóònù. Wọ́n ní, "Ta lèkejì?" Mo wò ó, àyè òfìfo kékeré kan ló wà lẹ́yìn orúkọ kejì, èyí tí ọwọ́ ẹ ṣèèṣì tẹ̀ nígbà tó ò ń to àwọn orin náà. Fóònù wá rò pé ẹlòmíì ni. Ibi tí mo ti ń wá bí mo ṣe máa yọ ọ́ ni omi ti hó dànù lórí iná. Kí n tó padà dé, Bàámi ti pa èkejì rẹ́, torin-torin. Wọ́n ní obìnrin kan ló ń fi orúkọ ìyàwó àwọn kọrin.

Orin tí Màámi kọ lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù wà níbẹ̀.

Inú kọ̀ǹpútà yìí nìkan ló kù tí orin yẹn wà. Ìwọ lo so ó pọ̀ mọ́ fóònù, ohun tí wọ́n bá sì pa rẹ́ lórí fóònù máa ń pa rẹ́ níbí náà. Tó o bá tan án, orin tó wà níbí náà máa lọ. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tú u kúrò lára fóònù. Jọ̀ọ́, wá ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Má sọ fún Bàámi. Tẹ̀rín-tẹ̀rín ni wọ́n fi wọ ọkọ̀. Wọ́n ní kí n sọ fún ẹ pé àwọn ti lé obìnrin yẹn lọ.

Fimíhàn