Ọwọ́ Tí Mo Nà Nínú Kọ́ńsáàtì

                                                  Yàrá Ẹ̀gbẹ́ Àtẹ̀gùn,
                                                  Ilé Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́kùnrin,
                                                  Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹfà.

Àǹtí mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Bọ̀dá ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ bá mi sọ fún àbíkẹ́yìn yín pé mi ò tíì gbàgbé ìlérí tí mo ṣe fún un, kó má tíì máa pè mí ní òpùrọ́ kiri ilé. Ní tèmi, ara le, mò ń jẹun. Ọkàn mi ni kò sí lójú kan. Ẹ̀yin lẹ wẹ̀ mí lọ́mọdé, ẹ̀yin lẹ rán mi níléèwé, tí mi ò bá sọ ọ́ fún yín, ta ni kí n sọ ọ́ fún?

Ẹ rántí ọmọbìnrin tí a jọ ń tẹ dùùrù, tí a ń pè ní Tìmùtìmù nítorí pé kò ga, tó jẹ́ pé orí tìmùtìmù ló gbọ́dọ̀ jókòó sí kí ọwọ́ rẹ̀ tó tó dùùrù dáadáa. Ẹ ti fi í ṣe mí yẹ̀yẹ́ tó, pé ṣé dùùrù nìkan la jọ ń tẹ̀. Dùùrù nìkan ni o! Èmi á jókòó lápá òsì níbi tí ohùn ti wúwo, òun á jókòó lápá ọ̀tún níbi tí ohùn ti tínrín, ọwọ́ mẹ́rin lórí dùùrù kan. A ti mọ ara wa débi pé bó bá fẹ́ sín, mo ti mọ̀.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí ni ìka méjì tó kéyìn lọ́wọ́ òsì rẹ̀ ti ń kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Èmi nìkan ló sọ fún, ó sì mú mi búra. Ó ní bí àwọn olùkọ́ bá gbọ́, wọn á ní kí òun lọ sinmi, bẹ́ẹ̀ kọ́ńsáàtì ìparí sáà ni ìdánwò àṣekágbá wa, ẹni tó bá sì yege jù níbẹ̀ ni wọ́n máa gbà síṣẹ́ olùkọ́ ní ẹ̀ka wa. Ṣé ọwọ́ kan kì í gbẹ́rù dórí, bí a ti wá ń ṣe é ni pé tí a bá dé ibi tó le fún ọwọ́ òsì rẹ̀, èmi á fi ọwọ́ ọ̀tún mi bá a tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ wa ti sún mọ́ra tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó lè fura. A ṣe rìhásà bẹ́ẹ̀ títí ó fi di bárakú fún mi. Mi ò tiẹ̀ ń rò ó mọ́ kí ọwọ́ mi tó lọ.

Ibi tí wàhálà wà ni pé òun náà ni wọ́n yàn pé kó tẹ dùùrù nínú orin ẹlẹ́ni mẹ́ta: òun, ọmọkùnrin kan tó ń ta fayolín, àti ọmọbìnrin kan tó ń ta ṣẹ́lò, fayolín ńlá yẹn tí wọ́n máa ń gbé sáàárín orúnkún. Nínú orin yẹn, kò sí ohun tó kàn mí ju kí n jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí n máa bá a ṣí ìwé orin. Àǹtí, ẹni tó ń ṣíwèé dà bí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wa. Kì í wọ aṣọ tó ń dán, kì í mi orí sí orin, wọ́n sì lè pàtẹ́wọ́ títí ilẹ̀ á fi mì, kò gbọdọ̀ tẹrí ba. Mo bẹ̀ ẹ́ pé ká sọ fún olùkọ́. Ó ní kí n fi òun lọ́rùn sílẹ̀, pé òun ti ń fi omi gbígbóná jó o, ó sì ti ń dáa.

Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni kọ́ńsáàtì náà. Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Ìyá rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì wá tààrà láti ibi iṣẹ́, bàtà iṣẹ́ ṣì wà lẹ́sẹ̀ wọn, wọ́n sì jókòó síwájú pátápátá. Eré tiwa àwa méjì la kọ́kọ́ ṣe, ó lọ geere. Ọ̀gá ẹ̀ka wa, tí wọn kì í rẹ́rìn-ín, fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín.

Ó wá kan àwọn ẹlẹ́ni mẹ́ta. Apá kìíní dára. Apá kejì ni orin ti ń rìn jẹ́jẹ́, fayolín àti ṣẹ́lò á dákẹ́, dùùrù nìkan á máa sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí i tí ìka méjì yẹn ká wọnú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tí wọn ò nà mọ́. Ohùn ìsàlẹ̀ pòórá, ọwọ́ ọ̀tún ń dá lọ. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, ọwọ́ mi ti nà, mo ti ń bá a tẹ ohùn ìsàlẹ̀ bí a ti máa ń ṣe. Mo tẹ̀ ẹ́ dé ìparí ojú ìwé. Ẹ gbọ́ ohun tó burú jù: mo gbàgbé láti ṣíwèé! Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n fún mi. Tìmùtìmù ò rí ohun tó kàn, ẹni tó ń ta ṣẹ́lò ò mọ ibi tó máa gbà wọlé, gbogbo rẹ̀ bá dojú rú.

Ìyá rẹ̀ ló dìde. Wọ́n gun orí pèpéle lọ, wọ́n di ọwọ́ ọmọ wọn mú, wọ́n ń na ìka náà lọ́kọ̀ọ̀kan lójú gbogbo èèyàn. Ọmọ wọn ò wo ojú wọn. Èmi ló ń wò. Ojú tì mí, Àǹtí, ilẹ̀ ò lanu kí n kó sí i.

Dókítà ní iṣan kan ló fún mọ́ ìgúnpá, wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọn ò sì lè ṣèlérí pé ọwọ́ náà á pa dà sí bó ti wà. Bó bá tètè wá ni, ìsinmi ìbá tó o. Ìyá rẹ̀ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní, "O mọ̀, o sì ń bá a tẹ̀ ẹ́. Ọmọ tèmi lò ń bá bo àìsàn mọ́lẹ̀." Ẹni tó ń ta fayolín ní tirẹ̀ ń sọ fún gbogbo ayé pé ṣe ni mo mọ̀ọ́mọ̀ na ọwọ́ kí wọ́n lè rí i pé kò lè ṣe é, torí mo fẹ́ àyè rẹ̀. Ibi tí mo fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀ rárá. Ó wá burú sí i nígbà tí ọ̀gá wa ránṣẹ́ pè mí: Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni àwọn ẹlẹ́ni mẹ́ta máa tún ìdánwò wọn ṣe, kí n wá tẹ dùùrù, torí èmi nìkan ló mọ orin náà. Mo kọ̀.

Lánàá ni mo lọ kí Tìmùtìmù nílé wọn. Ó ti gbọ́ pé mo kọ̀.

"Ta ló ní kó o kọ̀? Àwọn méjì yẹn ńkọ́? Ṣé kí tiwọn náà bà jẹ́ ni?"

Mo bi í bóyá ó gba ohun tí wọ́n ń sọ nípa mi gbọ́.

"Mi ò mọ̀. Ìwọ ńkọ́, ṣó o mọ̀?"

Òtítọ́ ni pé kò sí ọjọ́ tí mo ṣíwèé fún un tí kò wù mí kó jẹ́ èmi ni mò ń tẹ̀ ẹ́. Òtítọ́ sì ni pé lọ́jọ́ yẹn, mi ò ro nǹkan kan kọjá pé ohùn ń bọ́ sílẹ̀. Ó ní kí n jókòó sí dùùrù wọn ní pálọ̀, kí n tẹ apá kejì. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó ní ó yá jù. Mo tún un tẹ̀. Ó ní ó ṣì yá jù. Bẹ́ẹ̀ la ṣe títí ìyá rẹ̀ fi ní ó tó, kó lọ sinmi.

Mo ti gbà láti tẹ̀ ẹ́. Òun ò ní wá. Ó ní tí mo bá tẹ̀ ẹ́ burúkú, òun ò ní dárí jì mí. Tí mo bá sì tẹ̀ ẹ́ dáadáa, kí n fún òun láyè díẹ̀ kí òun tó dárí jì mí.

Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ìwé kọ́bọ̀. Ẹ bá mi kí Bọ̀dá àti àwọn ọmọ, ẹ kí màmá ilé kejì. Tí ẹ bá ń gbàdúrà, ọwọ́ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi ṣáájú, kẹ́ ẹ tó kan tèmi.

Èmi ni àbúrò yín tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀,
Aláriwo.